Pupa Tó Wà Lórí Ìwé Àyẹ̀wò Ojú: Kí Ni Ẹ̀rọ Náà Rí Gan-an?

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde wá bá mi ní Ṣàgámù. Gàrí ni wọ́n ń tà lọ́jà Òkè-Ajé, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, Ìyá Onígàrí ni gbogbo ẹbí sì ń pè wọ́n. Omi tí mo gbé fún wọn, wọn ò tíì mu ún dé ìdajì tí wọ́n fi yọ láílọ́ọ̀nù kan nínú báàgì, tí wọ́n tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì níwájú mi. Àwòrán méjì ló wà lórí ìwé náà, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì, pẹ̀lú àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, ìyeyè àti pupa. Wọ́n fìka lé pupa.

"Ìwọ lò ń ṣiṣẹ́ ojú. Kí ni pupa yìí? Ṣé mo ti ń fọ́jú nìyẹn?"

Iṣẹ́ ojú ni mò ń ṣe lóòótọ́. Èmi ni mò ń jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ẹ̀yìn ojú, tí mò ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n gbé àgbọ̀n síbí, kí wọ́n má ṣẹ́jú. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba ìwé yẹn lọ́wọ́ mi tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Dókítà ń ṣàlàyé, àmọ́ èrò tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pọ̀, ìbẹ̀rù sì máa ń di èèyàn létí. Ẹlòmíì á rí pupa, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíì á rí àwọ̀ ewé, á ju oògùn nù. Àwọn méjèèjì ló ṣì í.

Glaucoma, àrùn tó ń pa iṣan ìríran díẹ̀díẹ̀, ni dókítà sọ pé òun ń fura sí. Asẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi fún Ìyá Onígàrí, torí kò sóhun tí wọ́n mọ̀ tó asẹ́ gàrí.

Ẹyinjú kò ṣófo. Omi kan wà níwájú rẹ̀ tí ojú fúnra rẹ̀ ń ṣe, tọ̀sán-tòru. Omijé kọ́ o; ìta ni omijé ń ṣàn sí, omi yìí kì í kúrò nínú. Bó ṣe ń wọlé náà ló ń gba ihò tóótòòtó jáde, ní igun ibi tí dúdú ojú ti pàdé funfun rẹ̀. Bí ọ̀nà àbájáde yẹn bá ń dí, omi á máa wọ́ jọ, ojú á sì máa le nínú. Líle yẹn ni dókítà ń wọ̀n tó bá dárúkọ prẹ́ṣọ̀ ojú. Kò sí nǹkan tó kàn án kan ẹ̀jẹ̀ ríru tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀n lápá. Ìwọ̀n ọ̀tọ̀ ni, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru rárá lè ní i. Láàárín 10 sí 21 ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sẹ́yìn ojú. Ibẹ̀ ni iṣan ìríran ti ń jáde lọ sínú ọpọlọ. Kì í ṣe okùn kan ṣoṣo. Fọ́nrán tín-ín-rín tó lé ní mílíọ̀nù kan ló kóra jọ láti gbogbo ara awọ ẹ̀yìn ojú, tí wọ́n so pọ̀ bí ìdì ìgbálẹ̀, tí wọ́n sì gba ojú ihò kan ṣoṣo jáde. Ihò yẹn kò sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, nǹkan kan bò ó lójú tó rí gẹ́lẹ́ bí asẹ́, ojú ihò asẹ́ yìí ni àwọn fọ́nrán náà ń gbà kọjá. Asẹ́ gan-an ni ìtumọ̀ orúkọ Látìn tí àwọn oníṣègùn fún un. Mo bi Ìyá Onígàrí pé, bí ẹ bá fọwọ́ tẹ asẹ́ jù ńkọ́? Wọ́n ní àárín rẹ̀ á tẹ̀ wọnú, ojú rẹ̀ á sì lọ́. Ohun tí prẹ́ṣọ̀ ń ṣe fún asẹ́ ẹ̀yìn ojú nìyẹn. Bí ojú asẹ́ bá ti ń lọ́, á máa fún àwọn fọ́nrán tó gba inú rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n á sì máa kú níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kú kì í jí mọ́. Asẹ́ ẹlòmíì wá gbó ju ti ẹlòmíì lọ, ìdí nìyẹn tí prẹ́ṣọ̀ 16, tí kò ṣe ojú ẹnì kan ní nǹkan kan, fi lè máa pa iṣan ojú ẹlòmíì.

Bí àwọn fọ́nrán ṣe ń kú, orí iṣan náà á máa jinkò láàárín. Ẹ wo ẹni tó ń bu ẹ̀bà láti àárín àwo: àárín á máa jìn, etí rẹ̀ á máa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Dókítà á fi nọ́ńbà sọ bí kòtò àárín yẹn ṣe fẹ̀ tó lára gbogbo rẹ̀, 0.3, 0.5, 0.8. Ẹ fi í sọ́kàn pé àwo iṣan ojú àwa aláwọ̀ dúdú sábà máa ń tóbi ju ti òyìnbó lọ, kòtò inú àwo ńlá sì lè tóbi láìsí àrùn kankan. Nọ́ńbà yẹn nìkan kò tó dá ẹjọ́.

Ìyá Onígàrí gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Àmọ́ mò ń ríran. Mo rí ẹ bó o ṣe jókòó yìí." Ọmọ wọn obìnrin tó tẹ̀ lé wọn wá ló dáhùn. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà na owó sí wọn láti apá òsì, wọn ò rí ọwọ́ náà rárá, wọ́n ń wọn gàrí lọ ní tiwọn, kóńgò kún, ó ń dà sílẹ̀, obìnrin náà ṣì na owó dání, ó rò pé wọ́n ń bínú sí òun ni.

Bí glaucoma ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ìríran ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú lọ, kì í ṣe àárín. Ohun tí ojú kan kò rí, èkejì á rí i. Ohun tí àwọn méjèèjì kò rí, ọpọlọ á fi ohun tó wà láyìíká dí àlàfo náà, bí aránṣọ ṣe ń lẹ aṣọ tó ya. Kò ní sí dúdú tí ẹ máa rí, kò ní dùn yín. Ẹ ṣì lè ka Bíbélì tàbí Kùránì, ẹ lè fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ fọ́nrán ti lọ. Kàtaráàtì yàtọ̀ pátápátá: dígí inú ojú ló di funfun níbẹ̀, dókítà lè yọ ọ́ kó fi òmíì sí i, èèyàn á sì tún ríran. Torí pé wọ́n mọ ti kàtaráàtì ni ọ̀pọ̀ ṣe ń sọ pé àwọn ń dúró kó gbó kí àwọn tó lọ ṣe é. Ti glaucoma kò ní gbígbó. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró, ìpàdánù ni.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 wo ojú èèyàn tó lé ní 13,000 tí wọ́n ti tó ẹni ogójì ọdún sókè. Nǹkan bí 5 nínú 100 ló ní glaucoma. Nínú àwọn tó ní i yìí, ó lé ní 90 nínú 100 tí kò mọ̀ pé ó wà lójú àwọn. Ẹ ka èèyàn ogún tó ti lé lógójì ọdún lójúde ilé yín, ó ṣeé ṣe kó wà lára wọn.

Ó dáa, ìwé wá ńkọ́?

Látìgbà tí Hermann von Helmholtz ará Jámánì ti gbé ẹ̀rọ tí dókítà fi ń wo inú ojú jáde ní 1851, ojú dókítà ló ń dá ẹjọ́: á tan iná sínú ọmọlójú, á wo orí iṣan náà, á ya ohun tó rí sórí ìwé. Ó dáa, a ṣì ń ṣe é. Àmọ́ dókítà méjì lè wo iṣan kan náà kí wọ́n sọ nọ́ńbà méjì. Ní 1991 ni David Huang, James Fujimoto, Eric Swanson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ míì jáde, èyí tí à ń pè ní OCT, tó ya ìwé Ìyá Onígàrí. Ní 2023 wọ́n fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Lasker, ẹ̀bùn ńlá fún ìwádìí ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, nítorí rẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ẹ̀yin náà ti pariwo rí níbi tí gbohùngbohùn wà: ògiri tó wà nítòsí á tètè dá ohùn yín padà, èyí tó jìnnà á pẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni OCT ń lò dípò ohùn. Á ju ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣe nǹkan kan fún ojú sínú rẹ̀, á sì fi bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe padà wá mọ bí ìpele awọ kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó. Kì í ṣe ẹ̀sírè, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìrora.

Ohun tó ń wọ̀n jù fún glaucoma ni bí àwọn fọ́nrán yẹn ṣe nípọn tó kí wọ́n tó wọnú ihò. Maikirọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń kà á, ẹyọ kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà. Ti ẹni tí ojú rẹ̀ kò ní àrùn máa ń wà ní nǹkan bí 100, ìyẹn ò ju sísanra irun orí kan lọ. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, ó máa ń dín díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà láìsí àrùn.

Ibi tí àwọ̀ ti wọ̀ ọ́ rèé, kí ẹ jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀rọ náà kò mọ glaucoma. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó ìwọ̀n ojú àwọn kan tí kò ní àrùn sí, ó wá ń fi tiyín wé ti àwọn tí ọjọ́ orí wọn bá tiyín mu. Bí tiyín bá wà láàárín tiwọn, á kùn ún ní àwọ̀ ewé. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti 95 nínú 100 wọn lọ, ìyeyè. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti 99 lọ, pupa. Ẹ wò ó dáadáa: nínú 100 èèyàn tí ara wọn le koko, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bọ́ sí pupa, bí wọ́n ṣe pín in ló mú un wá bẹ́ẹ̀. Àpótí tó wà lórí ìwé kan ṣoṣo sì pọ̀, kò ṣòro kí ọ̀kan nínú wọn pupa lásán. Ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa, tí dígí tó ń lò sójú nípọn gan-an, sábà máa ń ní pupa tí kì í ṣe glaucoma, torí pé ẹyinjú rẹ̀ gùn. Ẹni tó ṣẹ́jú, tí orí rẹ̀ tẹ̀, tàbí tí kàtaráàtì dí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ lójú rẹ̀, pupa lè jáde lórí ìwé tirẹ̀ náà. Aláwọ̀ dúdú kò sì pọ̀ rárá nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí. Ìyẹn kò tọ́, kò sì yẹ ká dákẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà ti ń wọn ojú àwọn ọmọ Áfíríkà ibẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ìyàtọ̀ yìí.

Àwọ̀ ewé náà lè tan èèyàn jẹ. Ká ní 115 ni tiyín látìbẹ̀rẹ̀, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí 92 láàárín ọdún mélòó kan. Ẹ̀rọ á ṣì kùn ún ní àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ nǹkan ńlá ti lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú mi pé àwòrán kan kò sọ̀rọ̀ tán. Èyí tí a yà lónìí àtèyí tí a máa yà lọ́dún tó ń bọ̀, táa bá gbé wọn síra, àwọn ló máa sọ bóyá nǹkan ń lọ tàbí ó dúró. Ohun tó wá dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Onígàrí nìyẹn. Wọ́n ti ya irú àwòrán yìí lọ́dún mẹ́rin ṣáájú, nílé ìwòsàn kan. Wọn ò fún wọn ní ìwé lọ́wọ́, wọ́n ní yóò wà nínú fáìlì. A padà lọ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Fáìlì sọnù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi yà á ti bàjẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Ọdún mẹ́rin tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀rí fún wa ṣòfò. Ẹ gba ìwé yín. Bí wọn ò bá lè tẹ̀ ẹ́, ẹ fi fóònù yà á.

Àyẹ̀wò kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ kórìíra, èyí tí èèyàn máa ń gbójú sínú nǹkan tó rí bí igbá ńlá, tí iná kéékèèké á máa tàn wìì níbí, wìì lọ́hùn-ún, tí èèyàn á sì máa tẹ bọ́tìnì tó bá ti rí i. Bí fọ́nrán ṣe nípọn tó ni OCT ń wọ̀n. Ohun tí ẹ ń rí gan-an ni tibí ń wọ̀n. Ìyá Onígàrí tẹ bọ́tìnì náà ṣáá. Mo béèrè ìdí lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fìdí rẹmi. Ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ kọ́ o. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá rí iná nìkan. Apá kan nínú iná yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó ṣókùnkùn débi pé ojú tó dáa jù kò ní rí i. Ti àkọ́kọ́ kì í sábà dáa, torí náà bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un ṣe, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jẹ owó yín. Fún ẹni tí àrùn ti jẹ iṣan rẹ̀ jìnnà, igbá yìí wúlò ju OCT lọ, nítorí ó níbi tí nọ́ńbà OCT máa ń dé tí kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́, bí ìríran tilẹ̀ ń dín kù sí i.

Prẹ́ṣọ̀ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ní 1994, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú èèyàn 1,636 tí prẹ́ṣọ̀ ojú wọn ga ṣùgbọ́n tí iṣan ojú wọn ṣì dá ṣáká. Wọ́n ṣẹ́ gègé: apá kan ń kán oògùn sójú, apá kejì kò lo nǹkan kan, wọ́n kàn ń ṣọ́ wọn. Gègé yẹn ṣe pàtàkì, torí bó bá jẹ́ pé dókítà ló ń yan ẹni tó máa lo oògùn, ó lè yan àwọn tí ara wọn le kí oògùn lè gbayì. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, glaucoma mú 9.5 nínú 100 lára àwọn tí kò lo oògùn, ó mú 4.4 lára àwọn tó lò ó. Èsì yẹn jáde ní 2002. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀ fún wa. Oògùn ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú 100 tí prẹ́ṣọ̀ wọn ga tí wọn ò lo nǹkan kan, àádọ́rùn-ún ni glaucoma kò mú láàárín ọdún márùn-ún yẹn. Prẹ́ṣọ̀ gíga kọ́ ni glaucoma fúnra rẹ̀. Ìwádìí náà ló tún fi hàn pé sísanra awọ dígí iwájú ojú ṣe pàtàkì, tó bá tín-ín-rín, ẹ̀rọ á ka prẹ́ṣọ̀ sílẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ti aláwọ̀ dúdú ló tín-ín-rín jù nínú wọn. Ẹ bi dókítà yín bóyá wọ́n ti wọn tiyín.

Gbogbo iṣan ojú tó ń kú kọ́ ni glaucoma ń pa, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ìtàn tirẹ̀ nínú èyí. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àìsàn kan ní Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè Ìjẹ̀bú: ẹsẹ̀ á máa jó èèyàn bí iná, ìrìn rẹ̀ á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, etí á di, ojú á sì ṣú. Ní Òsósà, ìlú Hubert Ògúǹdé, wọ́n rí i lára nǹkan bí 2 nínú 100 ní 1969. Nígbà tí àwọn oníwádìí míì padà síbẹ̀, tí èsì wọn jáde ní 2000, ó ti di 6 nínú 100, ó sì pọ̀ jù lára àwọn ìyá àgbà. Sáyánáìdì, májèlé inú gbágùúdá, ni wọ́n fura sí, àríyànjiyàn sì wà lórí ẹ̀ títí dòní.

Ibí ni Ìyá Onígàrí ti dá mi dúró. "Gàrí wa kẹ̀?" Mo ní ẹ fara balẹ̀, ma. Ọjọ́ mélòó lẹ fi ń jẹ́ kó kan? Wọ́n ní mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin, gàrí Ìjẹ̀bú tí kò bá kan kì í ṣe gàrí Ìjẹ̀bú. Mo ní kíkan yẹn àti yíyan ló ń lé májèlé náà lọ. Gàrí tí wọ́n kánjú ṣe, tí wọ́n rin lónìí tí wọ́n yan lọ́la, ni kí èèyàn ṣọ́ra fún. Ọkàn wọn balẹ̀.

Orí iṣan àwọn tí irú àìsàn yẹn mú máa ń funfun ju bó ṣe ń jinkò lọ. Ti glaucoma ń jinkò ju bó ṣe ń funfun lọ. OCT lè kùn méjèèjì ní pupa. Ojú dókítà ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ògógóró tí wọ́n fi mẹtanọ́ọ̀lù lú, irú èyí tó pa àwọn èèyàn tó sì fọ́ àwọn míì lójú nípìnlẹ̀ Oǹdó ní 2015, iṣan yìí kan náà ló ń jó. Ethambutol, oògùn ikọ́ ife (TB), lè ṣe é ní jàǹbá lára àwọn kan: bí àwọ̀ pupa bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú yín tẹ́ ẹ bá ń lò ó, ẹ sáré sọ fún dókítà. Oògùn ojú pupa tí kẹ́mísìtì ń tà, tó bá ní stẹ́rọ́ìdì nínú, ń gbé prẹ́ṣọ̀ ojú àwọn kan sókè débi tí á fi di glaucoma. Mo ti rí ọmọ ogún ọdún tó fọ́jú nípa báyìí.

Ní ti ìtọ́jú, kò sí oògùn tó ń dá èyí tó ti lọ padà. Prẹ́ṣọ̀ ni gbogbo wọn ń mú wálẹ̀ kí èyí tó kù lè dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń kán oògùn kò fi ní rí ìyàtọ̀, kí ẹ má sì torí ẹ̀ pa á tì. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée (asthma) gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó gba timolol, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń kán sójú, torí ó lè dí i léèémí. Lésà náà wà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí dókítà ń tàn sí ọ̀nà àbájáde omi inú ojú. Wọ́n fi í wé timolol lára àwọn aláìsàn ní Tanzania, ní ìtòsí òkè Kilimanjaro, èsì jáde ní 2021: lẹ́yìn ọdún kan, ó ti ṣe dáadáa fún nǹkan bí 61 nínú ojú 100 tí wọ́n lo lésà fún, 31 péré fún timolol. Ìwádìí yẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an, torí pé ojú bíi tiwa ni wọ́n fi ṣe é, ní ibi tí owó oògùn ti ń wọ èèyàn lọ́rùn bíi tibí. Agbára lésà máa ń dín kù tó bá yá, àmọ́ wọ́n lè tún un ṣe.

Glaucoma ni ti Ìyá Onígàrí. Pupa orí ìwé, àlàfo inú igbá apá òsì àti ohun tí dókítà fojú rẹ̀ rí ló bára mu, ìyẹn la fi mọ̀. Oògùn alaalẹ́ ni wọ́n ń kán báyìí. Kí wọ́n tó dìde lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kí n kọ déètì sórí ìwé náà gàdàgbà kí ọmọ wọn má baà ṣèèṣì fi pọ́n nǹkan, mo kọ ọ́, wọ́n ká a padà sínú láílọ́ọ̀nù. Wọ́n wá bi mí pé ọjọ́ wo la máa ń ṣí, torí àbúrò wọn ọkùnrin tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti lé lógójì ọdún tipẹ́, kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ẹ̀yìn ojú òun rí.